Ẹni Tó Kan Òrùlé Puring

Ìjì tó jà ní oṣù kọkànlá ọdún náà kò pa ẹnikẹ́ni ní San Bernabe, abúlé apẹja tó wà létí òkun ní Albay, ní orílẹ̀-èdè Philippines, ṣùgbọ́n ilé tí kò fọwọ́ bà kò pọ̀. Ní ilé Purificacion Colarina, tí gbogbo ayé ń pè ní Manay Puring, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Puring, ó ṣí páànù apá ìlà oòrùn bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí agolo sàdíìnì, ó fa mẹ́fà ya nínú wọn, ó sì sọ wọ́n sínú oko àgbọn ẹlòmíì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Puring dúró láàárín pálọ̀, ó gbójú sókè, sánmọ̀ ló rí. Ó gbá omi síta títí oòrùn fi wọ àtàrí. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn ọkùnrin méjì bá òun ta tapólì bo ojú ihò náà, ó fi kófì gbígbóná ṣe wọ́n lálejò, ó sì jókòó ti àwọn ẹrù tó rin gbingbin.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sí agbo ilé kan ní San Bernabe tí kò ti gbẹ̀bí ọmọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń wúwo. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ dókítà tó dáa ní Legazpi, ọ̀dọ̀ Puring ló ń lọ. Bí ìyàwó ilé kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè gbé ọmọ òun fún obìnrin báyìí tọ́jú, Puring ló ń bi. Bó bá ní rárá, kì í ṣàlàyé, wọn kì í sì í bèèrè àlàyé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ ló ń dúró wo òrùlé, tí wọ́n á mi orí, tí wọ́n á sì bi í pé ta ló máa pè. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń dá. Kò sí ẹni tó dárúkọ Leandro Cirujales, káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Manoy Andoy, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tó jẹ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ ilé márùn-ún péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Puring, òun gan-an ló sì kan òrùlé náà ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ torí wọn ò fẹ́ mú Puring bínú. Puring mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á kò ju gbólóhùn kan lọ.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Ọkọ rẹ̀, Berto, wà lórí ibùsùn nígbà yẹn, apá kan ara rẹ̀ ti rọ, omi òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú yàrá tó sùn sí. Puring ránṣẹ́ pe Andoy. Andoy gun òkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òrùlé kò ní ìṣòro kankan, òpó ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n ló ń fa omi wọlé. Ẹni tó gbé òpó náà sókè ti kan ìṣó mọ́ kòtò páànù níbi tí omi ń gbà ṣàn, kò kàn án mọ́ ibi tó ga lára rẹ̀. Ó fi ọ̀dà dúdú dí àwọn ihò náà, ó sì ní kí wọ́n yọ òpó ọ̀hún kó tó di ọ̀ràn. Inú Puring kò dùn sí èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló sanwó pé kí wọ́n gbé ẹ́ríà náà sókè, kí Berto lè máa wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn látorí ibùsùn. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni káfíńtà náà ń wá ibi tí yóò di ẹ̀bi rù. Kò yọ òpó. Omi dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé Andoy láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Manay Loleng, ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ ṣáko lọ sí ẹ̀gbẹ́ ahéré tí Andoy ń kó igi sí. Páànù mẹ́rin wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra, aláwọ̀ ewé, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó wà lára wọn kò yàtọ̀ sí ti òrùlé òun rárá. Puring fúnra rẹ̀ ló ra páànù yẹn ní ìlú, èyí tó nípọn, èyí tó wọ́n.  Ó sọ fún ara rẹ̀ pé abájọ, Andoy ti kó èyí tó nípọn tòun, ó sì ti fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀ lókè níbi tí ojú òun kò tó. Kò bèèrè. Ó kí Loleng pé ó dàbọ̀, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé àdúrà, wọ́n ń pa èso pílì tó ní èèpo líle. Cora, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń sọ pé òun fẹ́ pe Andoy kó wá bá òun kan òrùlé ilé ìdáná. Puring kò gbójú sókè kúrò lára èso tó ń pa.

“Èmi ò sọ nǹkan kan o,” ló wí. “Ṣùgbọ́n bó o bá pè é, ka páànù ẹ kó tó gòkè, kó o sì tún un kà nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló gbọ́ ọ.

Cora pe ẹlòmíì. Òrùlé ilé àdúrà, tí àwọn àgbà ìjọ ti fẹnu kò pé Andoy ni yóò ṣe é, wọ́n gbé e fún ọkùnrin kan láti ìlú, wọn ò sọ ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́wọ́ Andoy. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, Andoy, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Manila, ó lọ ń ru sìmẹ́ńtì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà gíga, ó ń sùn sábẹ́ àgọ́ páànù pẹ̀lú àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú orúnkún tí kò ká dáadáa mọ́. Láàárín àkókò yẹn ni Berto kú. Andoy kò sí nílé nígbà ìsìnkú. Loleng wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì bá wọn fọ abọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí Puring létí pé ọ̀rọ̀ òun ló lé ọkùnrin náà kúrò nílé. Òun náà kò wádìí. Bí ó bá ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn, á ní ohun tí ojú òun rí ni òun sọ.

Nígbà tí ìjì yìí wá jà, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Cavite fi owó òrùlé ránṣẹ́, ó sì kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé lẹ́yìn ìjì ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń pọ̀ jù, kó fara balẹ̀ yan èèyàn. Puring fara balẹ̀ lóòótọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó gbé ọkọ̀ ẹrù wá, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ní àwọn páànù kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ òun níbi iṣẹ́ kan, bí Manay bá lè sanwó lónìí, ìdajì iye rẹ̀ lòun máa gbà. Puring ní kó gun òkè kó wo òrùlé ná. Ó ní òun ti rí gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀. Puring bi í níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nọ́ńbà fóònù lọkùnrin náà fún un. Puring fún un ní kófì, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹnì kejì wá láti ilé iṣẹ́ kan ní ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ó fi fóònù ya òrùlé ní fọ́tò káàkiri, ó sì fi ìwé iye owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìwé náà rẹwà. Ṣùgbọ́n kò sọ bí páànù náà yóò ṣe nípọn tó, kò sọ ẹni tí yóò kó èyí tó ti bàjẹ́ dànù, kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí omi bá tún ń wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Puring pè wọ́n, wọ́n ní ọ́fíìsì máa dáhùn. Ọ́fíìsì kò dáhùn.

Ẹnì kẹta ni Rosendo Bilaro, tí wọ́n ń pè ní Sendo, láti ìlú tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó tó ẹni ogójì ọdún, kò ga, ó gun ọ̀kadà wá, ó sì ti lò tó wákàtí kan lórí òrùlé àti nínú àjà kó tó la ẹnu. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun kì í gba owó ohun èlò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Manay ni yóò bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, yóò rà á fúnra rẹ̀, rìsíìtì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa san owó iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ó kọ orúkọ ilé márùn-ún tí ó ti ṣe sórí ìwé.

“Ẹ má kàn wo èyí tí mo ṣe lọ́dún yìí, Manay. Òrùlé tuntun, gbogbo ẹ̀ ló máa ń dáa. Ẹ lọ wo èyí tó ti pé ọdún mẹ́wàá.”

Puring wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ wo mẹ́ta nínú wọn. Tísà fẹ̀yìntì kan sọ fún un pé lọ́dún kan tí omi kán sí ilé ìdáná òun, inú òjò yẹn náà ni Sendo ti wá, kò sì gba nǹkan kan. Puring padà sílé, ó pè é pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Ó ń rò ó pé kò sí bí wọ́n ṣe lè rẹ́ òun jẹ, torí òun kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìfi ojú ara òun rí i.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò dá díẹ̀, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Sendo kó èèyàn mẹ́rin wá. Wọ́n ń tú páànù àtijọ́, wọ́n ń tò ó léra nínú ọgbà, Puring ń se ìrẹsì àti ewé kókò pẹ̀lú omi àgbọn àti ata fún wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oúnjẹ jinná, Sendo pè é pé kó wá gun àkàsọ̀ wò ó. Ó gùn ún títí orí rẹ̀ fi yọ sókè àjà.

“Manay, ta ló kan òrùlé yìí fún yín?”

“Káfíńtà kan níbí ni.”

“Manoy Andoy ni, àbí? Mo ti mọ̀ látàárọ̀. Kò sí ọwọ́ tó jọ tiẹ̀.” Ó fọwọ́ kan ọ̀já irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi de igi òrùlé mọ́ ara ògiri. “Ẹ wo èyí. Gbogbo igi ló ní i, kò fo ọ̀kankan. Torí ẹ̀ ni ìjì kò fi gbé odindi òrùlé lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko. Ó máa ń ní tí mo bá fo ẹyọ kan, òun á jẹ́ kí n sùn sábẹ́ ẹ̀ nígbà ìjì.”

Ó rẹ́rìn-ín. Puring kò lè rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá páànù yẹn nípọn.

“Ó nípọn. Irú èyí ti wọ́n gan-an báyìí.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, Manay. Méjìléláàádọ́ta ló wà lókè, pẹ̀lú mẹ́fà tí atẹ́gùn gbé lọ. Ẹyọ kan ò yàtọ̀.” Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òpó ẹ́ríà dúró sí tẹ́lẹ̀, níbi tí igi ti dúdú tí ó sì ti rà. “Ibí nìkan ló bàjẹ́. Ẹni tó gbé òpó sókè kan ìṣó sínú kòtò omi, ó wá dógùn-ún, atẹ́gùn rí ibi dì mú. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi ọ̀dà dí i rí.”

Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni páànù tí Puring rà. Kò gbàgbé iye náà rí, torí ó kà á ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tún un kà nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀. Méjìléláàádọ́ta lókè, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ahéré Andoy. Kò sí èyí tí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ṣẹ́kù ni.

Sendo tún bi í, láìmọ nǹkan kan, pé kí ló dé tí kò pe Manoy Andoy fúnra rẹ̀ nígbà tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Puring ní ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè gòkè mọ́. Òótọ́ ni ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí Puring ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ìrọ̀rùn tí èsì yẹn fi jáde lẹ́nu rẹ̀ bà á lẹ́rù.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣe ìnáwó, títí ọ̀kan nínú wọn fi ní bí Manay bá ń bọ́ àwọn báyìí, àwọn ò ní parí òrùlé yìí lọ́dún yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Puring wọ ilé ìdáná, ó dúró ti ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ méjì lòun fi lọ wádìí ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí, òun wọ kẹ̀kẹ́ lọ wo ilé onílé, òun bi tísà ní ìbéèrè. Ẹni tí òun mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, tí òun gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó bu ewé kókò inú omi àgbọn sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Loleng, ó ní ó ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kejì, Loleng dá ìkòkò náà padà, ó ti fọ̀ ọ́ tó ń dán, ó sì fi ìbẹ́pẹ méjì sínú rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó bèèrè àlàáfíà ọmọ Puring ní Cavite, ó sì lọ. Puring wo ìbẹ́pẹ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè gé e.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Cora. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí páànù dé orí ọ̀já irin. Cora tẹ́tí sí i, ó ń ká aṣọ.

“Ìwọ Puring náà fẹ́ràn ìyà. Ta ló tún ń rántí ìyẹn?”

“Èmi ń rántí ẹ̀.”

“Ó dáa, fi sínú ẹ. Ṣé ìwọ nìkan lo sọ ọ́ ni? Èmi sọ ọ́ fún àbúrò mi, àbúrò mi sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ wà nínú àwọn àgbà ìjọ. Bó o bá lọ jẹ́wọ́ tìẹ báyìí, gbogbo wa lo fẹ́ kí wọ́n máa wò.”

Puring wá rí i bí ọ̀rọ̀ òun ṣe rìn, láti ẹnu dé ẹnu, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti gba òrùlé ilé àdúrà lọ́wọ́ Andoy. Ó dìde, kò mu omi tí Cora gbé fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ sí ilé Andoy. Ọkùnrin náà jókòó sábẹ́ ahéré, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nà gbọọrọ síwájú, ó ń fá ẹsẹ̀ àga ọmọ ilé ìwé. Irú iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn. Ó ní kí Puring jókòó, kófì wà. Puring kò jókòó.

“Manoy, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nípa yín.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé èmi ni?”

“Ọjọ́ tó o sọ ọ́ náà ni mo gbọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Puring bi í ìdí tí kò fi wá bá òun jà, kó tiẹ̀ bi òun léèrè. Andoy fá igi náà díẹ̀ sí i, ó fẹ́ ìfáǹfá rẹ̀ dànù.

“Mo ń retí pé ìwọ lo máa wá bi mí.”

Ó wá ròyìn ọ̀rọ̀ páànù mẹ́rin náà fún un, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ́kù nígbà tó kan òrùlé tán. Berto ní kó máa kó wọn lọ, kó fi bo orí ahéré rẹ̀, ó sì rò pé Berto ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọdún méjìlá ni wọ́n lò lórí ahéré. Nígbà tí omi ń kán sórí Berto, Andoy tú wọn kúrò lókè ahéré tirẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ó ń dúró kí Puring yọ òpó ẹ́ríà náà, kí òun lè wá fi wọ́n rọ́pò àwọn tó ti ní ihò. Kò ní gba owó, torí Berto ń ṣàìsàn. Puring kò ránṣẹ́ pè é mọ́. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tàn ká, kò lè gbé wọn lọ mọ́, kí wọ́n má baà ní ó ń dá ẹrù olè padà.

Puring jókòó sórí àga tí Andoy kò tíì fá tán. Kó tó sọ pé kó dárí ji òun, Andoy ní òun kò bínú mọ́, ìbínú ti tán sí Manila, iṣẹ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn ráyè rẹ̀.

Loleng ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láti ìgbà kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù. Puring yíjú sí i.

“Manay Loleng, ẹ dákun.”

“Kì í ṣe ibí lo ti sọ ọ́, Puring,” ni Loleng wí. “Òun ti ní òun ò bínú. Èmi ń bínú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dá sùn, tí mò ń gbọ́ ọ lórí fóònù pé orúnkún òun ti wú. Ibi tó o ti sọ ọ́ ni kó o lọ, kó o lọ kó ọ̀rọ̀ náà padà.”

Ó wọlé padà, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́.

Ọjọ́ Àìkú kò yá dé, nígbà tó sì dé, Puring fẹ́ kó má tíì dé. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí gbogbo ìjọ dúró, torí ìjì ti ba òrùlé ilé àdúrà náà jẹ́, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún. Àwọn àgbà ìjọ ń dá orúkọ. Puring dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ó ní ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nínú ọgbà tó wà níta yìí, òun sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi Leandro Cirujales hàn bí olè. Ó ní irọ́ ni. Ó ní òun kò wádìí rẹ̀, páànù òun pé pérépéré, iṣẹ́ ọkùnrin náà ló sì jẹ́ kí òrùlé òun ṣẹ́kù lẹ́yìn ìjì. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà, òun Purificacion ni kí wọ́n bi.

 Cora ń wo ilẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ìyá rẹ̀ gbé e jáde. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó dé etí gbogbo èèyàn, pé ọ̀rọ̀ yìí ì bá dùn láti gbọ́ nígbà tí Andoy ṣì ní ẹsẹ̀ méjì. Puring gbọ́ ọ. Ó jókòó.

Àwọn àgbà ìjọ lọ bá Andoy nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé àdúrà fún un, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Andoy ní wọ́n ṣeun, ṣùgbọ́n orúnkún òun kò lè gun àkàsọ̀ mọ́. Kí wọ́n gbé e fún Sendo, ọwọ́ kan náà ni. Wọ́n ní kó máa jókòó nílẹ̀ bójú tó iṣẹ́ náà, ó gbà. Wọ́n gbé àga sábẹ́ igi fún un, ó ń na ọ̀pá sókè, ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ìṣó yẹn wọ́, kí wọ́n fà á yọ. Ìgbà kan, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ gun àkàsọ̀ ìpele mẹ́ta péré. Ó gun méjì, ó dúró, ó sì sọ̀kalẹ̀. Puring ń kọjá lọ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó rí i. Ó yà gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ọkùnrin náà má baà mọ̀ pé òun rí i.

Òrùlé Puring parí lóṣù kẹta. Sendo kó ìdọ̀tí rẹ̀, ó gbá ìṣó tó já bọ́ sínú ọgbà títí kò fi ku ẹyọ kan, ó sì ní kí Manay pe òun nígbàkígbà. Iṣẹ́ náà dáa. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò kán ẹyọ kan wọlé. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, wọ́n sì ń bi í, bí wọ́n ti máa ń ṣe, pé ta ni kí àwọn pè, ta ló ṣeé fọkàn tán, ta ni kò ṣeé fọkàn tán. Puring ń sọ nípa Sendo ohun tí ojú òun rí. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíì, á ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀.

Loleng kò jẹ́ kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ́. Kò jà, kò sì yẹra fún un lọ́nà. Ó kàn ń rìn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn aboyún, bẹ́ẹ̀ ilé márùn-ún péré ló wà láàárín òun àti Puring. Andoy ní tirẹ̀ ń kí Puring láràárọ̀ látorí àga rẹ̀, bó ṣe ń kí i láti ọgbọ̀n ọdún, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà: ṣé o jí dáadáa, Puring. Ohùn yẹn kò yí padà ní gbogbo ọdún tí Andoy fi mọ ohun tí Puring sọ, tí Puring kò sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Fún ìdí èyí, Puring kò lè mọ̀ láti inú ohùn náà bóyá ó ti dárí ji òun. Ó ń dáhùn pé òun jí dáadáa, Manoy, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.